Nígbà Tí Olófòófó Lójú

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ Yewa, kò sí ìgbà kan rí tí àṣírí pọ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn. Agboolé tí wọ́n bí wa sí, ojúlé kọjú sí ojúlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Bí ẹnì kan bá ń dín ẹja, òórùn rẹ̀ á ti kárí ilé, wọn á sì ti máa bi ara wọn léèrè ibi tó ti rówó ẹja. Tọkọtaya tó bá jà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń lọ pọnmi ti mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti ọ̀nà Ìdìròkò gbé ẹrù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìbáà ṣe ìrẹsì, ìbáà ṣe sódabì, ìbáà ṣe òkìríkà, ìlú á ti mọ iye sẹ́fà tó fi rà á. Ògiri létí, ògiri tiwa tún lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n olófòófó ìgbà náà lójú. A mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyá tó bí i.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wà ní Gánà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ìjọba Busia tó lé wọn wálé ní 1969. Lẹ́tà wọn a máa wọlé nínú àpòòwé aláwọ̀ búlúù àti pupa létí, sítáǹpù lórí, òógùn ọwọ́ awakọ̀ lára. Èmi tí mo lè kàwé ni àwọn ìyá ilé máa ń pè. Ìyá kan wà tí kì í mú lẹ́tà tirẹ̀ jáde lójú àwọn èèyàn, á ti so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ, á mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí epo ti ń hó, èéfín á máa ta wá lójú, á ní, "Kà á, rọra kà á." Ọjọ́ tí mo kà á débi tí ọkọ rẹ̀ ti sọ pé òun ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Kùmásí, ó sì ti lóyún, kò sunkún. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó bu àkàrà fún mi pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná, ó wò mí lójú pé, "Ẹnu rẹ, ọkọ mi. Ìwọ nìkan lo gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ọ níta, mo mọ ẹni tí màá bi." Títí dòní, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi.

N kò ní pé gbogbo wa la ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn kan wà tó ń gbowó báni kọ lẹ́tà, tí wọn á tún gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà wọn lọ sí ìdí ẹmu, ilé sì dàrú nípasẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá tẹ irú wọn, iwájú baálé ni. Á dọ̀bálẹ̀, á san ìtanràn, kò sì sẹ́ni tó tún jẹ́ mú bébà lọ bá a.

Àwọn akọrin Ẹ̀fẹ̀ náà ńkọ́? Káàkiri ilẹ̀ Yewa àti Kétu, lóru ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òkú ọ̀rọ̀ tí ìjòyè ti sin, Ẹ̀fẹ̀ á hú u sáàárín ọjà, ẹ̀rín á sọ. Ìtìjú gidi ni. Àmọ́ ìlú ló rán an níṣẹ́, àtúnṣe ni wọ́n sì ń wá. Ọdún 2001 tí UNESCO fi ìwúrí kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ọdún yẹn náà ni fóònù GSM dé Nàìjíríà, àwa ò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló máa tú àṣírí jù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi pé olè ni ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa, pé ó yáwó, ó fẹ́ sá lọ. Ọmọ yìí kò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Mo gbé agbádá fún un kó bá mi dín in kù ni nọ́ńbà mi fi dé ọwọ́ rẹ̀. Áàpù tó ti yá ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ló kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, àna rẹ̀, oníbàárà rẹ̀, ó sì ń bà á lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta la fẹ́ mú lọ bá baálé? Òtítọ́ ni pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ ní 2022, Google náà sì là á sílẹ̀ ní 2023 pé áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí tó ti balẹ̀ ti fọ́ ná. Ọmọ náà kó kúrò ládùúgbò.

Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Pólì Ìláàró ní kí n má dààmú. Ó fi Chrome hàn mí, ó tẹ ibi kan tí àwòrán fìlà àti awò ojú wà: "Bàbá àgbà, incognito ni mo wà yìí, kò sẹ́ni tó rí mi." Mo ní kó jókòó. Ní 2020, àwọn èèyàn pe Google lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé ó ṣì ń ṣọ́ wọn nínú incognito yẹn kan náà, ní 2024 sì ni Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ́. Ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tí o lò ó tán ni fìlà yẹn ń bo ojú rẹ fún. Ilé iṣẹ́ tó ta dátà fún ọ rí ọ, ojúlé tí o yà sí rí ọ. Ojú ìyàwó nìkan ni ọmọ náà ń sá fún, kò sì tíì níyàwó!

Ẹ̀yin kan náà lẹ sì pariwo ní ìparí 2020, nígbà tí ìjọba ní ká so NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa, mọ́ síìmù, pé wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ìrìn yín. Nígbà tiwa, ìyàrá ni ọmọ tuntun ń wà títí di ọjọ́ kẹjọ; lóde òní, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ tó ti wà lórí Facebook, pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn àti wákàtí tó dáyé. Bẹ́ẹ̀ ìlú tí Dàhòmì kó ní 1848 láyé ọba Gezo ni wá. Àwọn ọba Dàhòmì ní amí tí wọ́n ń pè ní agbadjigbeto, tó ń wọ̀lú bí oníṣòwò, tó ń nájà, tó ń báni jẹun, tó ń béèrè ọ̀nà oko, tó sì ń padà lọ sọ ibi tí odi ti rẹlẹ̀. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí àlejò tó bá fún wa ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ tó wá ń béèrè orúkọ gbogbo ẹbí.

Òfin ààbò dátà ti wà báyìí, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2023: o lè ní kí ilé iṣẹ́ kan fi ohun tó mọ̀ nípa rẹ hàn ọ́, kó sì pa á rẹ́. FCCPC tiẹ̀ ní kí Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, san mílíọ̀nù 220 dọ́là ní 2024. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, Àbújá sì jìn sí ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà wa.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ́sẹ̀ yìí ni áàpù iná tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sórí fóònù mi nítorí iná tí kì í dúró. Kó tó tàn, ó ní kí n jẹ́ kí òun wo nọ́ńbà gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Mo kọ̀ fún un, iná náà sì tàn. Kí ló wá fẹ́ fi nọ́ńbà ìyàwó mi ṣe?