Ìgbẹ́tì, Ìlú Òkúta Mábù: Ẹ Má Fi Dídán Nìkan Ra Òkúta Súìṣì

Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì ní Òkè-Ògùn, kó tó dé ìlú ni yóò ti máa rí àwọn òkè gàgàrà. Òkè Ìyámọ̀pó wà níbẹ̀. Orí òkè làwọn ará ìlú sá gùn nígbà ogun ayé àtijọ́. Lóde òní, òkúta mábù ló sọ Ìgbẹ́tì di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Òmíràn funfun báláú, òmíràn rí bí eérú. Wọ́n ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún ilẹ̀ tẹràsó.

Àwọn onílé mìíràn ti ń fẹ́ kí òkúta tàbí táìsì yí súìṣì iná ká lára ògiri. Iṣẹ́ dé nìyẹn o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́! Àfọ́kù tí onítáìsì ìbá kó dànù lè di owó. Ṣebí àfọ́kù ìkòkò làwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ àgbàlá wọn.

Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mábù kò le púpọ̀, ìṣó a máa ha á lára. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá pẹ́ lórí rẹ̀, dídán rẹ̀ tán. Pálọ̀ ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ilé ìdáná. Gíránáìtì ní tirẹ̀ le bí àpáta Olúmọ Abẹ́òkúta, ìṣó kì í ràn án. Ẹni tó bá ń ta "gíránáìtì" tí ìṣó ń ha yánmọyànmọ, ẹ bi í dáadáa. Àléébù gíránáìtì ni pé ó wúwo, bí wọ́n bá sì gé e fẹ́lẹ́ jù, etí ihò rẹ̀ lè kán.

Ní ti táìsì, ẹ kán omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fà á mu kíákíá, ẹ má gbé e sún mọ́ balùwẹ̀. Òkúta gbígbẹ kì í gbé iná, àmọ́ èyí tó ti mu omi lè gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé e, ẹ kọ́kọ́ lu ihò, kẹ́ ẹ tó gé e kéékèèké. Ẹ máa da omi sí abẹ tó ń gé e, kẹ́ ẹ sì bo imú, torí eruku òkúta a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Òkúta kò gbọ́dọ̀ rọ́pò ìdérí rọ́bà tó bo wáyà o. Abẹ́ ìdérí ni kí òkúta wà, kí rewáyà wá fi súkúrù tó gùn díẹ̀ dè é, kí wáyà kankan má sì hàn síta. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó ti pa iná láti orísun. Ọmọ tó fọwọ́ tútù tan iná nínú òkùnkùn kò mọ̀ bóyá mábù ni tàbí gíránáìtì. Ẹni tó ra òkúta àti ẹni tó dè é ló gbọ́dọ̀ mọ̀.