Agogo Aládùúrà Nínú Gìtá Majek Fashek

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Majek Fashek ní ilẹ̀ Nàìjíríà lónìí, orin kan ṣoṣo ni ó máa ń sọ sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Orin náà ni “Send Down the Rain”, tí ó wà nínú àwo “Prisoner of Conscience” tí ilé-iṣẹ́ Tabansi gbé jáde ní ọdún 1988. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé, nígbà tí PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Nàìjíríà, ń pín ẹ̀bùn ní ọdún 1989, mẹ́fà ni Majek nìkan kó lọ sílé. Ìtàn sì ń tàn káàkiri pé bí ó bá ti ń kọ orin náà ni ṣíṣú ojú ọ̀run ń bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di Apòjò.

Kò sí ohun tó burú nínú oyè náà. Ohun tó burú ni pé òjò yẹn pọ̀ jù, ó bo oko mìíràn tí ọkùnrin náà ro mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1991, ó gbé àwo “Spirit of Love” jáde lábẹ́ Interscope, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí kò tíì ju ọdún kan lọ nígbà náà. Àwo yìí ni ó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí.

Steven Van Zandt, tí wọ́n ń pè ní Little Steven, ni ó ṣe kòkáárí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìdí orin régè rárá. Onígìtá ni nínú ẹgbẹ́ E Street Band tí ń bá Bruce Springsteen ṣeré. Inú orin rọ́ọ̀kì ni ó ti gbó. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Áfíríkà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́. Òun ni ó kó àwọn gbajúmọ̀ olórin jọ ní ọdún 1985 láti kọ “Sun City”, orin tí wọ́n fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà. (Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré tẹlifíṣọ̀n “The Sopranos”, níbi tí ó ti ṣe igbá-kejì olórí ọ̀daràn. Ayé a máa yí.) Nígbà tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ àti ọmọ tó dàgbà ní ìlú Benin jọ wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ohun tí wọ́n gbé jáde kò jọ régè tí wọ́n ń kọ ní Jàmáíkà. Ìlù àti gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ṣì ń rìn ní ìrìn régè, ó ń fà, ó ń dúró, ṣùgbọ́n gìtá tó wà lókè ń bú ramúramù, bí ẹni pé ó fẹ́ fa aṣọ ya. Nínú “So Long Too Long”, ohun tí Majek ń wí kò ta kókó: oorun tí Áfíríkà sùn ti pẹ́ jù, iṣẹ́ wà nílẹ̀, kí ó dìde. Ó ń wí i, ó sì tún ń wí i. Kò ṣàlàyé, kò pa òwe. Ṣe ni ó ń pariwo rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí iná ti mú.

Kí ló wá dé tí àwo náà kò fi rìn jìnnà?

Ní Amẹ́ríkà, àsìkò ni kò bá a ṣe é. Ní oṣù September ọdún 1991 kan náà ni ẹgbẹ́ Nirvana gbé “Nevermind” jáde, nígbà tó sì fi máa di January ọdún 1992, àwo yẹn ti gun orí gbogbo àwo tó kù. Lójijì, gìtá aláriwo di ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń wá kiri, ṣùgbọ́n wọn kì í wá a lọ sí ibi tí wọ́n bá pàtẹ régè sí. Àwọn olùfẹ́ régè ní tiwọn sì ń fẹ́ kí ọmọ Áfíríkà náà kọrin jẹ́jẹ́ bí Bob Marley, ẹni tí àwọn oníròyìn ń sọ pé ó jẹ́ àrólé fún. Majek dé orí tẹlifíṣọ̀n wọn ní ọdún 1992, ó kọ “So Long Too Long” lórí ètò David Letterman, ibi tí ọmọ Nàìjíríà kì í sábà dé láyé ìgbà náà. Ìyẹn náà kò tó láti gbé àwo náà sókè.

Ní ilé, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Láti ọdún 1986 tí ètò SAP ti bẹ̀rẹ̀ ni agbára náírà ti ń wó lulẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá ti ń di ọ̀wọ́n, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo ní Nàìjíríà pàápàá ń rọ lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìjerò tàbí Aràmọ̀kọ ní ọdún 1991, nígbà tí agbègbè náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò rí irú àwo bẹ́ẹ̀ rà bí ó ti wù kó fẹ́ ẹ tó. Rédíò ni yóò dúró dè, tàbí kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ tí ohùn inú rẹ̀ ń gbọ̀n. Gìtá Little Steven kì í sì í ṣe ohun tí kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ lè gbé. Àwọn tó tilẹ̀ gbọ́ ọ ń retí òjò mìíràn. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n ní ó ti di òyìnbó. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá àti orin ìgbà náà kò ṣe dáadáa tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ó ti ṣe é tó Bob Marley. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ohùn náà ti wá.

Ibi tí ó ti wá kò jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Benin ni wọ́n bí i sí, ọmọ Edo ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò tíì tán lójú kí Ìtawurẹ́ àti Aràmọ̀kọ tó dé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Májẹ̀kódùnmí. Àdúrà ni orúkọ náà, kò nílò ìtumọ̀ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Fasheke ni orúkọ ìdílé rẹ̀ kí ó tó gé ìparí rẹ̀ kúrò, orúkọ tó fi Ifá ṣe ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó kún ilẹ̀ Èkìtì láti ìgbà Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, akọni ogun Kírìjì, títí dé Fájuyì ará Adó àti Fáyẹmí tó ṣe gómìnà. Nígbà tí Fábùnmi àti Ògèdèǹgbé jọ ń jagun lábẹ́ orúkọ Èkìtì Parapọ̀, ta ni ó ń ya Ìjẹ̀ṣà sọ́tọ̀ kúrò lára Èkìtì?

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kọ́ ni ó so ó mọ́ òkè wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pínyà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó kù sí ní Benin, ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà kan. Nínú ìjọ yẹn ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn tìrọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń ta gìtá, ibẹ̀ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin fúnra rẹ̀.

Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ohun tí Aládùúrà jẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ní oṣù July ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì kí ó tó gbọ́ ìpè. Láti Iléṣà ni ó ti gun òkè wá sí Ẹ̀fọ̀n, tí èrò sì rọ́ tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú, tàwọn ti ìgò omi lọ́wọ́. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé e wá sin sí. Ohun tí ìsọjí yẹn ṣe sí orin ìjọ kò kéré. Nínú ìjọ àwọn míṣọ́nnárì, dùùrù ni, ìwé orin ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yí sí Yorùbá tí ohùn orin sì ń pa á lára. Nínú ìjọ Aládùúrà, ìlù wọlé, àtẹ́wọ́ wọlé, agogo wọlé. Wọ́n lè mú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí wọ́n máa dá a, kí wọ́n máa gbè é, títí ẹ̀mí yóò fi gbé ẹnìkan. Kò sí ẹsẹ kejì, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Kí ẹni tó mọ irú ìsìn bẹ́ẹ̀ wá gbọ́ “Spirit of Love”. Ẹ̀mí tó wà nínú àkọlé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn tí àwọn òyìnbó ń kọ sára aṣọ. Ẹ̀mí tí wọ́n ń pè sọ̀ kalẹ̀ ní òru ìṣọ́ ni. Àsọtúnsọ tí àwọn alárìíwísí kan lè kà sí àìlọ́rọ̀ lẹ́nu, ẹ̀gbè Aládùúrà ni. Àní “Send Down the Rain” fúnra rẹ̀, kí ni ó jẹ́ bí kì í ṣe àdúrà òjò tí ẹgbẹ́ akọrin gbè? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú àwo ọdún 1991, gìtá Amẹ́ríkà ni ó gba ipò agogo.

Wọ́n lè takò ó pé Rasta ni ọkùnrin náà ní tirẹ̀, pé irun dàda ni ó dá sí, kì í ṣe sùtánà funfun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wòlíì Aládùúrà tó dá dàda sí pọ̀ ní ìlú Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá Jàmáíkà ni wọ́n ti wá. Wọ́n tún lè ní ọ̀dọ̀ àwọn Edo ni òun fúnra rẹ̀ fi sí. Ìyẹn náà kò ní àríyànjiyàn. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Benin. Gbogbo orin inú àwo náà kọ́ ni ó sì dọ́gba. “Majek Fashek in a New York”, fún àpẹẹrẹ, kò wúwo tó ìdajì “So Long Too Long”. Àlejò ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe akọrin ìjọ.

Interscope kò bá a ṣe àwo mìíràn. Ní ọdún 1994, Mango ṣa àwọn orin rẹ̀ jọ. Ní ọdún 1997, ó ṣe “Rainmaker” fún Tuff Gong, ilé-iṣẹ́ tí Bob Marley dá sílẹ̀. Òjò náà ni wọ́n tún fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni àìlera àti àìlówó dé, tí ìròyìn rẹ̀ sì wá di ìròyìn àánú. Ó kú ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù June ọdún 2020, ní ẹni ọdún 57.

Ẹni tí àwo náà bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó fi “So Long Too Long” síwájú, kí ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ròkè dáadáa. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí àwọn tó ń lọ sí ìṣọ́ òru bá ti ń kọjá lọ lójú títì pẹ̀lú agogo wọn.