Kí Òkò Iná Tó Jáde

Nínú ilé géèmù, ara tẹlifíṣọ̀n ni ojú gbogbo èèyàn máa ń wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkò iná ṣe ń jáde, àtàǹpàkò òsì ẹni tó mú páàdì ló yẹ kó wò. Bó bá jẹ́ Guile, sójà Amẹ́ríkà inú Street Fighter, ló fi ń jà, àtàǹpàkò yẹn á kọ́kọ́ tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò sì ní gbé e kúrò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni yóò ta á síwájú, tí ọwọ́ ọ̀tún yóò tẹ ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí Sonic Boom yóò sì fò jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń dún ni Sonic Boom, kì í ṣe iná gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó, ẹ̀ṣẹ́ lásán ni Guile yóò jù. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ni mo fẹ́ gbèjà. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àsìkò tí wọ́n fi kó òkò iná jọ ló fún un níyì, kì í ṣe iná ara rẹ̀. Àti pé Yorùbá ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe géèmù.

Hadoken, òkò iná tí ayé mọ̀ jù, kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ ajagun tó ń jẹ́ Ryu nínú Street Fighter tí ilé-iṣẹ́ Capcom ṣe ní Japan ní 1987. Takashi Nishiyama tó darí iṣẹ́ náà sọ pé inú Space Battleship Yamato, eré àwòrán ọdún 1974, lòun ti rí i kọ́. Ìbọn ńlá kan wà nímú ọkọ̀ inú eré náà. Kí wọ́n tó yìn ín, wọ́n ní láti kó agbára ọkọ̀ sínú rẹ̀, ọkọ̀ á sì dà bí ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́. Hadoken àkọ́kọ́ gba iná ìbọn yẹn, kò gba ìdúró rẹ̀. Ó di 1991, nínú Street Fighter II, kí Guile tó mú ìdúró dé, ó sì di 1997 kó tó kan Ryu fúnra rẹ̀, nígbà tí Street Fighter III fún un ní Denjin Hadoken. Èyí ni mo kà sí ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹni tó ń ta géèmù á di bọ́tìnnì mú, mànàmáná á máa ṣù láàárín àtẹ́lẹwọ́ Ryu méjèèjì, bó ṣe ń pẹ́ ni yóò máa le sí i, débi pé bó bá ba ọ̀tá, òòyì á kọ́ ọ. Fífi apá bo ara kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, Ryu dúró gbagidi bí òpó, ìhà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tó bá lè fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò gbá a ṣubú.

Ẹ fi èyí wé ọfọ̀. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979 títí di àwọn fíìmù tí wọ́n ń yà kiri Ìkòròdú lónìí, a ti rí àgbà méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn. Iná ọwọ́ wọn kì í ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ ní láti pe ohun tó fẹ́ lò lórúkọ, kó sọ ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀, kó rán an létí ohun tí kì í kọ̀, kó tó wá pàṣẹ. Bó bá fo ẹsẹ̀ kan, tàbí tí ẹlòmíràn já a gbà lẹ́nu rẹ̀, ó ti bàjẹ́. Àfọ̀ṣẹ ńkọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ ló ń ṣẹ? Àtakò tó lágbára ni, ṣùgbọ́n kò bi èrò mi wó. Kò sí àfọ̀ṣẹ tí wọn kò jókòó tì kó tó dénú ìwo. Wọ́n ti já ewé rẹ̀, wọ́n ti gún un, wọ́n ti pe ọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ lò ó á sì fi ahọ́n tọ́ ọ lá kó tó sọ̀rọ̀. Ìdúró wà níbẹ̀, àná ni wọ́n ti dúró. Nínú Street Fighter 6 tó jáde ní 2023, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Denjin rí: bí Ryu bá rí àyè, á kó mànàmáná sára, á tọ́jú rẹ̀ de Hadoken tó ń bọ̀. Àfọ̀ṣẹ ni, bí àwọn tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìjà ojo ni, kéèyàn dúró lókèèrè kó máa sọ òkò lu ẹni. Guile ni wọ́n ń sọ ọ́ sí jù. Ẹ tún wo àtàǹpàkò yẹn: ẹ̀yìn ló ń tẹ̀. Bó bá wà lóòró, ilẹ̀ ló ń fi sílẹ̀ fún ọ̀tá bó ṣe ń kó agbára jọ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri. Bó bá lóṣòó, kò lè rìn mọ́. Ìgbà tó bá sì gbé ẹsẹ̀ síwájú, ohun tó kó jọ ti dànù, gbogbo ẹni tó mọ géèmù náà ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ojo kì í tú àṣírí ara rẹ̀ báyẹn. Àwọn mìíràn á ní ayé ti yára, kí ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì kan ṣe gbogbo rẹ̀. Street Fighter 6 gbà wọ́n láyè, Hadoken lè jáde ní títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan; ṣùgbọ́n Capcom fúnra wọn dín agbára òkò tí wọ́n bá jù báyẹn kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn náà mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù níbẹ̀.

Ọmọ Ìpakodò, létí ọ̀sà ní Ìkòròdú, ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdúró de agbára yìí fún un títí. Ní Ìjẹ̀dẹ, lẹ́bàá ọ̀sà kan náà, ni ilé-iṣẹ́ mànàmáná Ẹgbin wà: ẹ̀rọ mẹ́fà, megawátì 220 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀. Gáàsì ló ń se omi níbẹ̀, ooru omi náà ló sì ń yí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bá ti tutù á gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ooru tó ki tó ohun tí yóò yí i. Ọmọ tí iná lọ mọ́ lójú, tí Ryu ti kó Denjin dé ìdajì lọ́wọ́, òun àti Ryu jọ ń dúró de agbára tí kò tíì jọ ni.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ń ṣe géèmù ìjà tiwọn, bí Kiro'o Games ti Kamẹrúùnù ṣe gbé Aurion jáde ní 2016, tí wọ́n fi ogún àwọn baba ńlá ṣe agbára ìjà, Ṣàngó ni wọn yóò kọ́kọ́ fẹ́ yà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má fún un ní iná ọ̀fẹ́. Kó gbé oṣé sókè, kí òjò ṣú, kí ọ̀tá rí i pé ó ń ṣú, kí ó sì ráyè sá tàbí kó ráyè sáré wọlé. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sínú The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921, Ṣàngó gun òkè lọ dán oògùn tó ń fa àrá wò. Ààfin ara rẹ̀ ni àrá sán lù, ìyàwó àti ọmọ sì bá a lọ. Èyí gan-an ni kí wọ́n fi sínú géèmù náà: bí ẹni tó mú páàdì bá di bọ́tìnnì mú kọjá ààlà, kí àrá yí padà sán lu Ṣàngó, kí ìlà ẹ̀mí rẹ̀ já wálẹ̀ dé ìdajì, kí ọ̀tá sì máa bọ̀.