Ohun tójú mi rí l'Àpápá lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ẹ́ ra fọ́kílíìfù

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ mọ ibi tí ẹrù Èkó ti ń wá, ẹ má wulẹ̀ lọ sí Ìdúmọ̀tà, Àpápá ni kẹ́ ẹ lọ. Láti Mile 2 lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i, tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì, kọ̀ńténà lórí kọ̀ńténà. Látọdún 1926 ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá. Nígbà tẹ́rù pọ̀ ju ibi tí wọ́n ń já a sí lọ, ìjọba ṣí ti Tin Can Island sí i lọ́dún 1977. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò náà kó tó di ọdún 2021, ẹ rántí bí tírélà ṣe máa ń tò sórí afárá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á gbọ̀nà ẹsẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pín àsìkò wíwọlé fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tírélà kọ́ ni mo gbé wá lónìí o. Ọkọ̀ kékeré kan wà tó jẹ́ pé bí kò bá sí i, tírélà kàn máa gbé ẹrù dúró lásán ni. Òun ni fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó nawọ́ irin méjì síwájú bí ẹni fẹ́ẹ́ gbọmọ, tó ń ki irin náà bọ abẹ́ ẹrù, tó sì ń gbé e sókè. Ohun tógún aláàárù máa fi gbogbo ọ̀sán rù, wákàtí kan ló fi máa kó o tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta táìlì, ó sì ní ilé ìkẹ́rùsí n'Ílúpéjú. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ńténà bá dé, fọ́kílíìfù háyà ló ń lò. Lọ́jọ́ kan ló pè mí, ó ní, "Àbúrò, owó háyà yìí ti sú mi. Wọ́n ní tòkunbọ̀ kan wà l'Àpápá tí ò wọ́n. Mo fẹ́ẹ́ lọ sanwó ẹ̀ lọ́la." Mo ní ta ló máa wà á. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ni, pé ọmọ náà ti mọ mọ́tò wà dáadáa. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni àyà mi já. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó kankan kí n tó dé."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Lọ́dún 2009, sìtọ́kípà ni mo jẹ́ nílé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀ tó ń wa fọ́kílíìfù. Dánfó ló ń wà tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan, wọ́n kàn fún un ní kọ́kọ́rọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó ṣe kíákíá, ó gbé pálẹ́ẹ̀tì méjì lórí ara wọn, ó gbé e sókè gan-an, ó wá ń yí kọ́nà. Ojú mi báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó rò pé tóun bá bẹ́ sílẹ̀, òun á yè é. Ibi tó bẹ́ sí gan-an ni ọkọ̀ wó sí, irin tó wà lókè orí ẹ̀ ló sì lù ú mọ́lẹ̀. Kò délé mọ́. Àwọn ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ ẹ̀ ló fà á, owó ìsìnkú nìkan ni wọ́n gbé fún ìyàwó ẹ̀. Àtìgbà náà ni mi ò ti lè wo fọ́kílíìfù kí n mójú kúrò.

Nítorí náà, nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ bẹ Baba kan tó ti ń tún fọ́kílíìfù ṣe kó tó di pé wọ́n bí mi. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. A gba Òṣòdì sí Mile 2, a gba Creek Road wọ Àpápá, a sì dé yáàdì náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ẹ wo fọ́kílíìfù! Toyota wà, Komatsu wà, TCM wà, Nissan wà. Àwọn kan ti sun ẹ̀fọ́n sílẹ̀, wọ́n ti tú wọn já. Èyí tí wọ́n fẹ́ẹ́ tà fún ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán bíi tọkọ ìyàwó. Ẹni tó ń tà á ṣáná sí i, ó ní, "Alájì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Jàpáàn ló ti wá tààrà, kò tíì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà rí." Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọwọ́ kan báàgì owó.

Baba ò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Pléètì ẹ̀ dà?" Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbogbo fọ́kílíìfù ló ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ agbára ẹ̀ sí. Tí wọ́n bá kọ kílò 3,000 ní mìlímítà 500 síbẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta, tí àárín gbùngbùn ẹrù náà ò bá jìnnà sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì ju ìdajì mítà lọ. Bẹ́rù bá gùn, tí àárín ẹ̀ sún síwájú, agbára ọkọ̀ á dín kù, bí ìgbà tí ọmọ méjì bá ń ṣeré lórí pákó, tí ọ̀kan sún sẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá tún gbé e ga, agbára yẹn tún lè dín kù sí i. Ọkọ̀ tí ò ní pléètì, ẹ ò mọ ohun tó lè gbé. Ti èyí tá a lọ wò yìí, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ojú ibẹ̀.

Baba fa téèpù yọ. Ó wọn fọ́ọ̀kì níbi tó ti ṣẹ́ kọ́nà, níbi tó ń fara gbolẹ̀. Ó ní bí irin yẹn bá ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá, bíi kí mìlímítà 40 di 36, agbára tó lọ níbẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni. Ó tún wọn ṣéènì. Ibi tó yẹ kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, bó bá ti di 30.9, ó ti fà jù nìyẹn. Tiwa ti di 31. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná họ ọ̀dà ara fọ́ọ̀kì, ó sì pè wá. Ojú wẹ́dà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti kán rí, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n kùn ún.

Baba ní, "Ọmọ mi, iná ni wọ́n fi sọ irin yìí di alágbára nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì bá tún fi iná sí i, agbára yẹn ti lọ. Lọ́jọ́ tó bá kán, táìlì máa bọ́ lé ẹni tó wà nílẹ̀ lórí."

Ẹni tó ń tà á gbaná jẹ, ó ní ṣé àwọn wá rajà ni àbí àwọn wá bọ́jà jẹ́. Baba kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbé ẹrù sókè, kó sì fi sílẹ̀ lókè níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá. A ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí òpó irin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní háídírọ́líìkì ti ń jò nínú nìyẹn. Mítà tó ń ka wákàtí iṣẹ́ ní wákàtí 2,000 péré ni ọkọ̀ náà ti ṣe, ṣùgbọ́n bíréèkì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ti jẹ dé irin. Baba ní mítà lè purọ́, bíréèkì kì í purọ́.

A kúrò níbẹ̀, owó ẹ̀gbọ́n mi pé. A wá jókòó sídìí oníkòkó kan, ibẹ̀ ni Baba ti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé, "Ọjọ́ mélòó lẹ ń lò ó lóṣù?" Ó ní ọjọ́ mẹ́rin, bó bá pọ̀, márùn-ún. Baba ní, "Háyà ló tọ́ sí yín nìyẹn." Ó ní ẹni tó bá ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ló yẹ kó rà. Kẹ́ ẹ fi owó háyà ọjọ́ kan ṣírò iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ń lò ó lọ́dún, kẹ́ ẹ wá fi wé owó ọkọ̀, ọ́ìlì, táyà, mẹ́káníìkì àti awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ẹ́ háyà, ẹ béèrè ẹni tó ń ra epo, ẹni tó ń sanwó ọkọ̀ tó máa gbé e wá, àti ẹni tó máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Pléètì àti fọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò nínú ti háyà náà.

Ẹni tó bá sì máa rà, kó mọ irú èyí tó fẹ́. Onídísẹ́ẹ̀lì dára níta, ṣùgbọ́n èéfín ẹ̀ léwu nínú ilé tí atẹ́gùn ò ti ráyè wọlé. Oníbátìrì ló dára níbi oúnjẹ àti oògùn, àmọ́ bátìrì olómi ń fẹ́ iná bíi wákàtí 8 kó tó kún, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ̀yìn tó bá kún tán ni kẹ́ ẹ da omi sí i, ẹni kẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu sìgá nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń gbiná. Onídísẹ́ẹ̀lì, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 250 iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa yẹ ibi tó ń gbà mí wò, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Mo ní, "Baba, awakọ̀ ńkọ́?" Baba ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò ni wọ́n ń wà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń yí, bẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, ìdí ẹ̀ ló ń gbá ènìyàn. Èyí tó ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta, òun fúnra ẹ̀ wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́rin lọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, kí fọ́ọ̀kì má ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kẹ́ ẹ sì tẹ òpó irin sẹ́yìn díẹ̀. Lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkè ni kí ẹrù kọjú sí, ì báà jẹ́ pé ẹ ń gùn ún ni tàbí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbé èèyàn sí i, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gba abẹ́ fọ́ọ̀kì kọjá. Bó bá fẹ́ẹ́ ṣubú, ẹ má bẹ́ o! Kẹ́ ẹ ti de bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ di sítíárìn mú, kẹ́ ẹ tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fara sí òdìkejì ibi tó ń wó sí.

Bó ṣe sọ èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ojú ọ̀rẹ́ mi ni mo rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni o, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un.

Lọ́dún 2010, lẹ́yìn tó kú, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin Employees' Compensation Act. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí àwọn tó bá fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bóyá ó ń san án.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ra fọ́kílíìfù o. Háyà ló ṣì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ti wà nídìí Baba báyìí tó ń kọ́ṣẹ́, Baba ò sì tíì jẹ́ kó gbé nǹkan kan sókè. Ó ní kó kọ́kọ́ máa kà pléètì ná. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá ń lọ s'Àpápá, ẹ mú téèpù dání.