Kálàmù kékeré tó kọ ìwé oko Ìyá Àgbà

Kálàmù tí mo fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka àárín mi lọ. Bí mo bá dé e, sẹ̀ǹtímítà 10.5 péré ni. Bí mo bá ṣí i, tí mo sì ki ìdérí rẹ̀ bọ ìdí rẹ̀, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13, ó sì kún ọwọ́ bíi kálàmù yòówù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ó kúrú nínú àpò, ó gùn lọ́wọ́. Kaweco Sport ni orúkọ rẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é, ike ni ara rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì ní igun mẹ́jọ tí kì í jẹ́ kó tètè yí bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Tàdáwà olómi ló ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló fi í ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka wa ń pè mí ní Akọ̀wé Kóòtù nítorí rẹ̀, mi ò sì bínú.

Mi ò bá bíírò jà o. Bíírò pọ̀, kò wọ́n, bó bá sì sọnù, a kì í sunkún. Àwa Yorùbá tilẹ̀ bu ọlá fún ẹni tó ṣe é ju bí a ti mọ̀ lọ: László Bíró ni orúkọ ọkùnrin náà, ará Hungary ni, ọdún 1938 ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, lónìí orúkọ bàbá rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ inú èdè wa. Ṣùgbọ́n tàdáwà inú bíírò ki, ọta kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ọta náà sì gbọ́dọ̀ yí kí tàdáwà tó jáde. Ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́. Ti kálàmù olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kan ìwé, tàdáwà ti ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè má rí ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń kọ Yorùbá ni kó wá ka iye ìgbà tí ọwọ́ ń gbéra sókè. Ẹ kọ "ọ̀pọ̀lọpọ̀" wò: àmì ìsàlẹ̀ mẹ́rin, àmì òkè mẹ́ta, ìgbà méje ni ọwọ́ padà sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bíírò kì í fẹ́ ṣe àmì ìsàlẹ̀ bí ẹ kò bá gún un mọ́lẹ̀, nítorí ọta rẹ̀ kò tíì yí. Nínú ìdánwò oníwákàtí mẹ́ta, ibi tí àmì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nìyẹn, olùkọ́ á sì gé máàkì. Pẹ̀lú kálàmù kékeré yìí, kí n fọwọ́ kàn án lásán ti tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló sọ ọ́ di ohun tí mi ò lè fi sílẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2022: ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. Mo kó ẹrù mi, mo gba Àkúrẹ́ lọ sí Aládé, lábẹ́ àpáta Ìdànrè, lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú nígbà náà. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ń mọ̀ bí ènìyàn bá kọjá, ṣùgbọ́n kò lè ka nǹkan kan mọ́.

Ọ̀rọ̀ oko ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, bí ìdílé kan bá máa jà níbẹ̀, orí igi kòkó ni ìjà náà sábà máa ń wà. Bàbá Àgbà fi oko mẹ́ta sílẹ̀, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀ fún èyíkéyìí. Èyí tó wà létí odò kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Bàbá ọkọ Ìyá Àgbà ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó bí ọmọ àkọ́kọ́, níṣojú ẹni méjì. Àwọn méjèèjì ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá mi ti ń sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà lọ́nà tó yàtọ̀ síra, ohùn wọn sì ti ń le. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ ibi tí pèrègún ààlà wà, ẹni tó gbin èwo, ẹni tó ń bá wa ṣe oko tí a sì jọ ń pín owó rẹ̀.

Mo ní kí n fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Ó bi mí pé, "Fóònù tó o lò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dà?" Mi ò lésì. Ìwé ló fẹ́. (Ẹ̀ka-èdè Ìdànrè ni Ìyá Àgbà ń sọ, bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo yí i sí Yorùbá àjùmọ̀lò níhìn-ín nítorí yín.)

Lọ́jọ́ kìíní, bíírò ni mo lò. Bó bá sọ gbólóhùn kan, á dúró: "Ṣé o ti kọ ọ́?" Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Á tún sọ òmíràn, á tún dúró. Ó rẹ̀ ẹ́ kí a tó kún ojú ewé kan. Lọ́jọ́ kejì mo yọ kálàmù kékeré láti inú àpò mi. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ìwé tí mo sì rà lọ́jà kò dán, nítorí náà ó ń dún bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí ewé gbígbẹ. Ìyá Àgbà gbé orí sókè. "Kí ló ń dún yẹn?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Èyí ni kó o máa lò. Mò ń gbọ́ ọ. Bó bá ti dákẹ́, mo mọ̀ pé o ti bá mi dé."

Láti ọjọ́ náà kò bi mí mọ́ bóyá mo ti kọ ọ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, á jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sọ̀rọ̀, á dúró títí ìró náà yóò fi tán, á máa bá a lọ. Ìgbà kan ó dá mi dúró: "Mi ò sọ tó bẹ́ẹ̀. Kí lo fi kún un?" Kò sí ohun tí mo fi kún un. Àmì ohùn ni mò ń padà fi sórí ọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí mo bá kọ "ilẹ̀ àna wa" láìfi àmì sí i dáadáa, ẹlòmíràn lè kà á sí "àná", ìyẹn ọjọ́ tó kọjá. Àna wa, bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ní ìhà òkè. Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní kí n padà lọ wo gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, ó mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá: "Da omi sí i." Mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà lásán ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo fi bíírò kọ ọ̀kan, mo fi tàdáwà búlúù mi kọ èkejì, mo sì da omi sí wọn. Ti bíírò kò yẹsẹ̀. Tèmi di àbàwọ́n. Bíírò borí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. A dá ìwé dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ẹ̀gbọ́n mi fi rí ẹni bá a mú ìgò Pelikan 4001 blue-black bọ̀. Irú tàdáwà àtijọ́ ni: èròjà irin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú èròjà irú èyí tó ń wá láti ara igi. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìwé, búlúù ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á dúdú, á sì wọnú ìwé náà. Mo ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún Ìyá Àgbà nígbà tó ní, "Bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára aṣọ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. A tún da omi sí i. Àwọ̀ búlúù ṣàn lọ, dúdú dúró. Mo sì tún gbogbo ìwé náà dà kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ní irú kálàmù yìí níbi tí a wà gbọ́dọ̀ mọ wàhálà rẹ̀. Ike tàdáwà kékeré tó ń wọ inú rẹ̀ kò gba tó mílílítà kan, ẹ kò sì ní rí i rà ní Aládé. Síríńjì ilé ìtajà oògùn ni mo fi ń rọ òmíràn sínú ike àtijọ́. Tàdáwà onírin kò gbọ́dọ̀ gbẹ sínú rẹ̀; ẹ máa fi omi ṣàn án déédéé. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ tí ẹ ń rojọ́, ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Ìwé olówó pọ́ọ́kú wa ń fa tàdáwà bíi kànrìnkàn, á sì yọ sí ẹ̀yìn ewé. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ bíírò.

Ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni mo máa ń ronú nípa Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ aṣáájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó, tó kú ní 1963. Ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé náà sì wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn títí di òní. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bíírò kò tíì dé ayé. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti jẹun púpọ̀ lórí ìwé rẹ̀. Nínú ilé tiwa, tó jẹ́ pé kòkó kan náà la jẹ dàgbà, ẹ̀rí owó kòkó mẹ́rin tí kòkòrò ti jẹ létí nìkan la rí nínú àpótí Bàbá Àgbà. Lókè àpáta níbẹ̀, ní ìlú àtijọ́, àwọn amọ̀nà máa ń fi àmì kan han àlejò lára òkúta, wọ́n á ní ìwé ni, ẹnikẹ́ni kò lè kà á. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò rẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Ìyá Àgbà pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ojú ewé mọ́kànlélógún ni mo kà sókè, ó sì tó wákàtí méjì. Nígbà tí mo dé ibi oko etí odò, ilé pa rọ́rọ́. Àbúrò bàbá mi kan ní ẹni tí kò ríran kò lè mọ ohun tí ọmọdé kọ. Ìyá Àgbà ní, "Kà á padà fún un." Kí n tó la ẹnu, òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti orí, èmi sì ń fi ìka tọ ìlà lẹ́yìn rẹ̀, níwájú ọkùnrin náà. Ó bá ìwé mu. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìlà náà gòkè bíi pé ó fẹ́ jáde kúrò nínú ìwé. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà tẹ kálàmù náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lu òǹtẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ̀wé tó nípọn. Ẹni kẹrin ní òun ń bọ̀. Kò tíì dé.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo fi kálàmù náà sílẹ̀ fún àbúrò mi fún oṣù kan, nítorí Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ òun kò tíì tán: ó kan àwọn tó jẹ wá lówó. Ó ti padà sápò mi báyìí, òun ni mo fi kọ èyí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi pè láàárọ̀ òní. Ó ní Ìyá Àgbà ń béèrè ìgbà tí n ó mú un bọ̀, àti pé bíírò tí òun ń lò kò dún.