Ilá Ìkẹyìn Létí Odò Àsà

Oṣù kẹwàá rèé, òjò Ìlọrin ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo ká ilá tó kù lóko létí odò Àsà. Ọ̀pọ̀ ti gbó: mo fi àtàǹpàkò ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀, kò ṣẹ́, ó kàn tẹ̀ ni. Ìyẹn di irúgbìn. Èyí tó ṣì rọ̀, ìyá mi ti ń rẹ́ ẹ, wọ́n fẹ́ sá a fún orúnlá.

Ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ẹ̀ẹ̀rùn ló kù ká kọ, torí ìgbà yẹn lẹ̀fọ́ ń lówó lórí. Pọ́ǹpù tá a fi ń bomi rin oko ńkọ́? Héè! Ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ léṣìí ló dákẹ́, garawa la fi bomi rin gbogbo oko fọ́jọ́ mẹ́ta. Èjìká mi ò tíì gbàgbé.