Ta Ló Pa Ìyá Fẹlá?

Bí wọ́n bá ti fi 'Unknown Soldier' sí i ládùúgbò wa ní Ẹnu Ọ̀wá, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Fẹlá kọrin pé ẹgbẹ̀rún kan sójà ló ya bo Kalakuta (ta ló kà wọ́n?), pé wọ́n pa ìyá òun. Olùkọ́ wa ní àsọdùn ni: oṣù Kejì 1977 ni wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti ojú fèrèsé òkè, oṣù Kẹrin 1978 ló tó kú. Òótọ́ ni. Olórin ló fún oṣù mẹ́rìnlá pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí tó rí ilé tó jóná, tó ní sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣáná sí i, n kò fara mọ́ tiwọn.